Mọ́tò Rẹ Ló Pọ̀ Jù, Kì í Ṣe Ìwọ

Hallbera ọmọ Oddur kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bó bá gbé fóònù, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni ohun tí o fẹ́, bó o bá sì ti sọ ọ́ tán, ó ti pa fóònù nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ọkọ̀ tó ń gba wàrà kiri àwọn oko etí òkun ní àríwá Áísìlándì. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń ṣe é, nítorí màlúù kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Kò lọ́kọ, kò sì sí ẹni tó tún ń bi í léèrè mọ́, torí pé àwọn tó bi í nígbà kan kò gbádùn ìdáhùn tó fún wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín bá ti bo òkè tí a kò sì mọ ibi tí ọ̀nà gbà mọ́, Hallbera á di ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò òkè ní ìlú wọn, àwọn èèyàn tó gbà pé ibi tí ọ̀nà bá ti tán gan-an ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà mọ́tò wọn ga dé ìgbáròkó ènìyàn. Bí wọ́n bá dé orí yìnyín, wọ́n á tú púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀, táyà á sì máa tẹ yìnyín jẹ́jẹ́ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí lórí iyanrìn. Ìyàwó àwọn kan nínú wọn máa ń sọ pé bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá ń tọ́jú ilé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú táyà, ayé ì bá dùn ju báyìí lọ.

Òfin kan wà tí Hallbera kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mọ́tò mẹ́fà péré ló gbọ́dọ̀ jọ gun òkè lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn tó fẹ́ lọ bá ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á pín ara wọn sí méjì, àwọn ìyókù á sì dúró di ọjọ́ kejì. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Nísàlẹ̀ ilé orí òkè tí wọ́n ń lọ, odò kékeré kan wà tí omi rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú ilẹ̀, kì í sì í dì tán. Yìnyín á kàn bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Mọ́tò àkọ́kọ́ á kọjá, èkejì á kọjá, olúkúlùkù á sì fi tirẹ̀ tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀ sí i. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa rí ìjàngbọ̀n, òtútù òru kan gbáko ló sì máa ń gbà kí ibẹ̀ tó tún le.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Lórí òkè, ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń fi jíǹgí ṣọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí o kò bá rí iná ẹni ẹ̀yìn rẹ mọ́, o gbọ́dọ̀ dúró. Bí ìlà bá kúrú, gbogbo wọn á dúró kíá. Bó bá gùn, ẹni iwájú á ti rìn jìnnà kó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn.

Ketill ló fi òfin náà lélẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì ti rí nǹkan kó tó fi í lélẹ̀. Nígbà tí òun jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ó kó mọ́tò mẹ́sàn-án gun òkè lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn ń kọrin sí ara wọn nínú rédíò. Èyí tó kẹ́yìn rì. Ormur, àbúrò Dagný ìyàwó rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, kí àwọn ará iwájú sì tó mọ̀ pé iná rẹ̀ ti pòórá, ó ti pẹ́ tó ti dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò bá a délé. Títí dòní, bí Ormur bá jókòó sínú omi gbígbóná níbi ìwẹ̀ ìlú, á gbé ẹsẹ̀ náà sókè fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, àti fún ẹni tí kò fẹ́ wò ó pẹ̀lú.

Hallbera ṣì kéré, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, nígbà tí òfin yìí kọ́kọ́ kọlù ú. Jíìpù àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà, tí bàbá rẹ̀ ti pa tì sẹ́yìn ilé ẹran, ló fi ìgbà ìwọ́wé gbogbo tún ṣe. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà á dé ilé epo ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ lọ, ó sì tò sẹ́yìn àwọn yòókù, inú rẹ̀ ń dùn. Ketill rìn bọ̀, ó ń fi ìka ka mọ́tò. Nígbà tó kan Hallbera, ó dúró. Òun ló ṣe ìkeje. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìbọ̀wọ́ wọn bí ẹni pé wọn kò rí ìbọ̀wọ́ rí.

Ara Hallbera gbóná. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ burúkú kan tó máa sọ, èyí tí kò ní ṣeé gbà padà mọ́. Ṣùgbọ́n Dagný sọ gíláàsì mọ́tò sílẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀, tọkọtaya náà sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀. Ketill padà wá.

Ó ní, "Mọ́tò rẹ ló pọ̀ jù, kì í ṣe ìwọ. Pa á, kó o wá wọlé."

Kí Hallbera tó dé ìdí mọ́tò wọn, Dagný ti bọ́ sílẹ̀ ní ìjókòó iwájú, ó sì ti ń wá àyè fún ara rẹ̀ lẹ́yìn, láàárín okùn àti ṣọ́bìrì àti ìkòkò ọbẹ̀ ẹran. Ó ní òun fẹ́ sùn, pé ẹ̀yìn ló móoru. Hallbera jókòó síwájú. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Ketill kò dákẹ́: yìnyín tó bá dà bí eérú, ó ti jẹrà nísàlẹ̀, èyí tó bá ń dán, afẹ́fẹ́ ló gbá a le, ó máa gbé ọ, bí ilẹ̀ bá tẹ́ jù láàárín òkè, bi ara rẹ léèrè ohun tó tẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni Hallbera ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti rí nǹkan tí yóò máa fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí gbígba wàrà.

Kò gbàgbé oore náà. Ọdọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, á gbé itan àgùntàn tí wọ́n fi èéfín yan lọ sílé Ketill. Dagný ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Hallbera á na itan náà sí i, á ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ketill fún ọjọ́ yẹn. Dagný á gbà á, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó gbọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ọdún dé ọdún, títí Ketill fi gbé ipò olórí fún Hallbera, títí irun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi funfun.

Dagný kú lọ́dún tó kọjá, ní àsìkò tí wọ́n ń kó àgùntàn bọ̀ láti orí òkè. Ní Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, Ketill fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gba itan ẹran náà, kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Nígbà tó di àárín òtútù, ìgbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń jẹ oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn, orí àgùntàn sísè àti ẹja kan tí òórùn rẹ̀ lè lé àlejò padà sí ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ múra láti lọ jẹ tiwọn ní ilé orí òkè. Hallbera fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Márùn-ún ló kọ́kọ́ dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìkẹfà, ó sì ní ó ti kún. Ìjì ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì ìrìn náà, nítorí náà kò sí pé àwọn kan á tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n pàdé ní ilé epo, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ kleina, ìyẹn ṣinṣín ńlá tí wọ́n lọ́ ní àárín. Sturla, ọ̀gá ọkọ̀ ìpẹja, ń fi mọ́tò rẹ̀ tuntun han àwọn èèyàn. Ó ga débi pé àkàbà kékeré ló fi ń gùn ún. Wọ́n ṣì ń fi àkàbà náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mọ́tò aláwọ̀ ewé kan yọ láti ìsàlẹ̀ ìlú, táyà rẹ̀ ti rọ̀, okùn ti wà lórí rẹ̀. Mọ́tò Ketill ni.

Hallbera mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbéèrè. Dagný ló máa ń fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Ketill kò wo fóònù rí láyé rẹ̀. Ó rí ọjọ́ tó mọ́ kedere, ó mọ̀ pé àsìkò tó, ó sì jáde bó ṣe máa ń jáde.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó kí wọn, ó wá wo ìlà mọ́tò. Ìka rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀. Ó kà wọ́n dé ẹ̀fà, ó mi orí, ó sì yí padà sínú mọ́tò rẹ̀.

Sturla ní, "Hallbera, Ketill nìyẹn. Ta ló ń ka Ketill mọ́ mẹ́fà?"

"Òun fúnra rẹ̀," ni Hallbera dáhùn.

Ó sáré bá a kó tó yí mọ́tò tán, ó kan gíláàsì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé. Mo ti kà yín. Ẹ ti pé."

"Wá jókòó tì mí. Àyè wà."

Ketill kọ̀. Ó ṣàlàyé fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú bí ọjọ́ bá ti rọ̀, nítorí náà bí oṣù yìí bá parí, òun fúnra rẹ̀ máa dá ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ padà. Mọ́tò yìí ló gbé pákó tí wọ́n fi kọ́ ilé orí òkè, òun àti Dagný nínú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n lọ kò ṣeé kà. Ó ti ṣèlérí fún Dagný lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀ pé mọ́tò náà á tún dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Hallbera wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹ́tù kọfí Dagný ló wà níbẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, Ketill sì ti fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìjókòó.

Ketill ní, "Fún ilé yẹn ni. Ibẹ̀ ló ní kí n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Òfin ni òfin."

Hallbera dúró nínú yìnyín. Inú rédíò ọwọ́ rẹ̀, ohùn kan ń sọ pé kí wọ́n máa lọ, pé méje ò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ara gbogbo wọn á yá bí òun bá gbà. Òun náà fẹ́ gbà. Ó ronú kan ìjì tó ń bọ̀, ó ronú kan Ormur nínú omi. Ó gbé rédíò sẹ́nu, ó bi wọ́n bóyá ẹnì kan lè fi mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀, kó bá ẹlòmíràn jókòó. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Olúkúlùkù rántí táyà rẹ̀. Kò bá wọn bínú, torí ó mọ bí mọ́tò ẹni ṣe máa ń rí lọ́kàn ẹni ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá lọ wọ mọ́tò tirẹ̀, ó wà á lọ sẹ́yìn ilé epo, ó pa á. Ó kó okùn rẹ̀ àti ṣọ́bìrì rẹ̀ àti orí àgùntàn rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò aláwọ̀ ewé náà. Ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó tú bẹ́líìtì, ó gbé kẹ́tù sórí itan rẹ̀, ó jókòó.

Ó ní, "Mọ́tò mi ló pọ̀ jù, kì í ṣe ìwọ."

Ketill wò ó, ó wò ó pẹ́.

"Di bẹ́líìtì," ló wá sọ. "Má sì jẹ́ kí kẹ́tù yẹn já bọ́."

Wọ́n gun òkè lọ. Ketill ló wà níwájú, ó ń wakọ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ tó sùn. Ojú mọmọ ni, kò sí ohun tó ń pamọ́ fún un. Hallbera, tí kì í sọ̀rọ̀, ń wo jíǹgí, ó ń sọ iye iná tó ń rí fún un. Ó ti gbàgbé bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn débi tí ojú fi tì í díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé odò, wọ́n kọjá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Hallbera ti fi Sturla sẹ́yìn nítorí pé mọ́tò rẹ̀ ló wúwo jù. Sturla rò pé wọ́n fi ń pọ́n òun lé ni. Àwọn márùn-ún kọjá. Nígbà tó kan òun, táyà iwájú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n nǹkan dún kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ti ẹ̀yìn, ìdí mọ́tò náà sì jókòó. Wọ́n ju okùn sí i, mọ́tò méjì fà á, ó jáde. Bó ti jáde báyìí ni gbogbo ọmọrí yìnyín náà wó lulẹ̀ láti ibí dé ọ̀hún, omi dúdú sì hàn, ó ń sáré lọ lábẹ́.

Sturla sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà rẹ̀. Ó wo ihò náà, ó wo ìhà kejì, níbi tí ẹni keje ì bá dúró sí tó ń retí kó kàn án. Ó bọ́ fìlà.

"O ṣeun, Hallbera," ló sọ. Kò ṣàwàdà kankan mọ́ títí wọ́n fi dé òkè.

Nínú ilé orí òkè, wọ́n dáná, Ketill sì gbé kẹ́tù sórí ààrò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n pariwo, wọ́n fi ẹja olóòórùn náà dán ara wọn wò. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ wo táyà, Ketill bu kọfí fún Hallbera, ó sì jókòó tì í.

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi láàárọ̀ yìí, ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi."

"Ẹnu mi ló ti jáde. Dagný ló ni ín. Èmi ti fẹ́ lé ọ lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo ti múra ọ̀rọ̀. Ó pè mí, ó ní, 'Wo ojú ọmọ yẹn. Sọ fún un pé mọ́tò rẹ̀ ló pọ̀ jù, kì í ṣe òun. Èmi á lọ sẹ́yìn.'"

Hallbera gbé ife sílẹ̀. "Ó ní ẹ̀yìn ló móoru."

"Ẹ̀yìn mọ́tò yìí? Ihò ló wà nílẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Yìnyín ń fọ́n sí i lẹ́sẹ̀ títí a fi dé ibí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi wúkọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní bó o bá mọ̀ pé ìjókòó ẹlòmíràn lo gbà, o ò ní fọkàn balẹ̀ kọ́ nǹkan kan." Ketill nu imú rẹ̀. "Nígbà tó yá, a ti jẹ ẹran Kérésìmesì rẹ pọ̀ jù. Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́."

Hallbera rántí ẹnu ọ̀nà yẹn, àti ẹ̀rín yẹn, àti "Ó gbọ́" tó ń gbọ́ lọ́dọọdún. Itan ẹran náà ti ń dé ọwọ́ ẹni tó ni ọpẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Ó sunkún níbẹ̀, kò fi pamọ́. Ó sunkún nítorí pé wọ́n ti ṣe é lóore tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ṣe é kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òtútù ti tún odò ṣe, ọ̀run sì ń ṣú nítorí ìjì tó ń bọ̀. Kẹ́tù dúró sórí ààrò níbi tí Dagný ní kó wà. Ketill fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé Hallbera lọ́wọ́, ó ní òun ti wakọ̀ tó. Hallbera ṣílẹ̀kùn iwájú fún un, ṣùgbọ́n ó kọjá níbẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó ń ti okùn àti ṣọ́bìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ kàn án lágbọ̀n.

"Mo fẹ́ mọ ibi tó jókòó sí," ló wí.

Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ìjókòó iwájú ṣófo. Wọ́n ré odò kọjá, Hallbera dúró ní ìhà kejì, ó sì ń wo jíǹgí. Ojú Ketill ló kọ́kọ́ rí níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni iná àwọn yòókù ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi pé. Ó wo ìjókòó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O ṣeun, Dagný," ló sọ.

"Ó gbọ́," ni Ketill dáhùn láti ẹ̀yìn.